Ìkòkò kan fún gbogbo ilé: bí a ṣe ń dáná fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ oúnjẹ kan

Ara ọmọ mi kejì kọ ẹ̀pà, ó kọ ẹyin, ó kọ edé: àlẹ́jì ni àwọn dókítà ń pè é. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, ìkòkò méjì ni mo ń gbé kaná lójoojúmọ́ nílé wa ní Ìbàdàn, ńlá fún ará ilé, kékeré fún òun nìkan. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ ló mú mi yí padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i tó gbé àwo rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Oúnjẹ yín kọ́ ni oúnjẹ mi."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ìkòkò kan la ó máa sè, ohun tí ọmọ yìí lè jẹ nìkan ni yóò sì wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹyin tàbí edé, inú àwo tirẹ̀ ni yóò fi sí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo kọ síbí, fún ẹ̀yin òbí tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ara ọmọ náà kọ̀ gan-an

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ọmọ náà jẹ sínú rẹ̀, aago tó jẹ ẹ́, ohun tó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó hàn. Bí ara bá kọ oúnjẹ, kì í sábà pẹ́ kó tó hàn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí méjì, ara á ti sú, á máa yún ọmọ, ètè tàbí ojú á wú, òmíràn á bì, òmíràn á máa wúkọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà ọmọdé. Ní Ìbàdàn níbí, UCH (University College Hospital), ilé ìwòsàn ńlá tó ti wà láti 1957, ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé. Ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò yín lè kọ lẹ́tà fún yín lọ síbẹ̀. Wọ́n lè gún ara ọmọ díẹ̀ tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìkan kì í dá ẹjọ́ náà. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé ni dókítà yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Mílíìkì ló máa ń ru àwọn ènìyàn lójú jù. Ẹni tí inú rẹ̀ ń kún, tó ń yàgbẹ́ gbuuru bó bá mu mílíìkì púpọ̀, ṣúgà inú mílíìkì ni ikùn rẹ̀ kò lè lọ̀. Ó pọ̀ láàárín àwa àgbàlagbà, kì í sì í pani. Ti ọmọ tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì yàtọ̀ pátápátá: ẹ̀kán díẹ̀ lè fún un lọ́fun. Ẹni àkọ́kọ́ lè jẹ wàrà díẹ̀. Ẹnì kejì kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, mílíìkì ewúrẹ́ kò sì sàn fún un ju ti màlúù lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oúnjẹ dán ọmọ wò nílé láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni. Ẹ má sì tìtorí ìbẹ̀rù gba gbogbo oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ. Mo mọ ìyá kan tó gba ẹja, ẹyin, ẹ̀wà àti mílíìkì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí èélá lásán. Ọmọ náà gbẹ bí igi.

2. Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí nǹkan bá yí

Mo fi èyí ṣáájú ìdáná nítorí pé kò sí ìyá tó ń ṣọ́ra tó tí àṣìṣe kan kì í bá.

Bí ọmọ bá jẹ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, tí èémí rẹ̀ wá ń há, tí ohùn rẹ̀ yí, tí ahọ́n rẹ̀ wú, tó ń bì léraléra, tàbí tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ tí ojú rẹ̀ ń lọ, abẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n ń pè ní adrenaline ló kù. Ìta itan ni wọ́n ń gún un sí. Oògùn ara yíyún bíi Piriton lè mú kí ara yé yún ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó yẹ kí ẹ ní abẹ́rẹ́ náà nílé. Bó bá fún yín, kó fi bí wọ́n ṣe ń gún un hàn yín, kí ẹ sì fi han ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ. Ẹ tún lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní adrenaline nílẹ̀, lóru pàápàá?" Bí wọn kò bá ní, ẹ ti mọ̀ pé ibòmíràn lẹ ó sáré lọ.

Ẹ dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí mímí bá ṣòro fún un, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde rìn. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má já agolo mílíìkì sí i lẹ́nu bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó jẹ májèlé. Ẹ ò mọ̀ bóyá mílíìkì gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Nọ́ńbà awakọ̀ takisí Míkírà méjì tó ń gbé nítòsí wa ló wà lára ògiri ilé ìdáná mi, pẹ̀lú owó ọkọ̀ nínú àpò ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ara ọmọ bá sì ti balẹ̀, ẹ má kánjú gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn, torí ó lè tún padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

3. Ilé ìdáná

Ohun tó rọrùn jù ni pé kí ohun tó lè pa ọmọ má wọlé rárá. Ẹ̀pà kò wọ ilé wa mọ́. Ẹyin àti edé ṣì ń wọlé nítorí bàbá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àyè tiwọn: ike olómọrí kan lórí pẹpẹ òkè fún edé, ìkòkò kékeré kan fún ẹyin sísè, ṣíbí kan tí mo so òwú pupa mọ́ lọ́rùn. Ohun tó bá ní òwú pupa, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án. Ó mọ èyí kó tó mọ ìwé kà.

Kànrìnkàn méjì ni, ìjábẹ̀ méjì ni. Ìjábẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí, torí edé máa ń há sáàárín ọwọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni odó àti ọmọrí odó. Igi ń mu nǹkan.

Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ máa fi fọ ọwọ́ àti orí tábìlì. Ọṣẹ olómi tí a ń fi ra ọwọ́ láìlo omi kò kó ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, ńṣe ló kàn ń pa kòkòrò.

4. Ọjà, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ata

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ra tàtàṣé, ata rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà ní Bódìjà, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ti ń lọ ata fún mi tipẹ́. Ìyá kan wà níwájú mi tó lọ ẹ̀pà. Ẹlẹ́rọ da omi sí ẹnu ẹ̀rọ, ó dà á nù, ó lọ tèmi. Lálẹ́, ọmọ mi kò tíì jẹ ṣíbí kẹta ìrẹsì tán tí ètè òkè rẹ̀ fi wú bọ̀ǹbọ̀. Ọlọ́run yọ wá lọ́jọ́ náà.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Ajé, mo dúró wò ó. Ó fi omi ṣan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, omi tó jáde kẹ́yìn mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú ojú ọlọ irin inú rẹ̀ láti pọ́n ọn, mo rí i: nínú àwọn ilà wẹ́wẹ́ tó wà lójú irin náà, nǹkan funfun kan dì sí i pinpin bí èérí abẹ́ èékánná. Mo fi igi ìtayín yọ díẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ̀pà ni. Ẹlẹ́rọ kò ṣẹ̀ mí. Ó fọ ẹ̀rọ rẹ̀ bó ti ń fọ̀ ọ́ fún gbogbo ayé. Ẹ̀pà, edé, ẹ̀gúsí, sóyà, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ẹnu kan náà kọjá.

Nítorí náà, ilé ni mo ti ń lọ ata. Ọjọ́ tí iná bá wà ni mo ń lọ ti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, mo ń sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, mo ń pín in sínú ike, mo ń gbé e sínú fírísà. Bí iná kò bá sí, ọlọ wà, ọlọ tí mo rà ní tuntun tí ẹ̀pà kò dé orí rẹ̀ rí. Ẹ̀wà móínmóín náà, ilé ni.

Àwọn nǹkan mìíràn tó yẹ kí ẹ kíyè sí lọ́jà: Yájì tí wọ́n ń fi sí sùyà, kúlíkúlí ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà sì ni kúlíkúlí. Ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì ló ń ta ẹ̀pà, ọwọ́ kan náà ló fi ń bu méjèèjì. Òróró tí wọ́n fi ń dín dùndú lẹ́bàá ọ̀nà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi dín ohun ẹlẹ́yin. Irú náà ti yàtọ̀, torí àwọn kan ń fi sóyà ṣe é báyìí dípò hóró igi igbá, nítorí náà kí ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ kọ sóyà bèèrè kó tó rà á. Wàrà méjì ló wà lórí àtẹ, ti màlúù àti ti sóyà, ojú wọn sì jọra bí wọ́n bá ti dín wọn tán. Ẹja gbígbẹ máa ń wà lórí àtẹ kan náà pẹ̀lú edé. Dókítà ti ní ẹja kò ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan, torí ọ̀tọ̀ ni ẹja, ọ̀tọ̀ ni edé, ṣùgbọ́n ẹja àrọ̀ aláàyè ni mo ń rà, èmi fúnra mi ni mo sì ń yan án.

Ti inú páálí àti ike, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń rà á, àní bí ẹ ti ń rà á fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ń ṣe é máa ń yí i padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà NAFDAC kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀pà tàbí mílíìkì nínú rẹ̀. Magí, bísíkíìtì àti ṣokoléètì ni mo máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì.

5. Ìkòkò náà

Ẹ mú oúnjẹ tí ilé yín fẹ́ràn, kí ẹ yọ ohun tí ara ọmọ kọ̀, kí ẹ wá ohun tí yóò dípò adùn rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ àjèjì. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ wa kò nílò ẹyin tàbí mílíìkì rárá, àwa la kó wọn wọ inú rẹ̀.

Móínmóín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà, ìwọ̀n agolo mílíìkì òfìfo mẹ́ta, kí ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ bó èèpo rẹ̀ tán. Tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo kan tàbí méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, irú ṣíbí ìjẹun kan tí ẹ ti ṣà. Ẹ fi agolo omi méjì lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, kó má sí ẹ̀rún nínú rẹ̀ bí ẹ bá fi ìka rà á. Ẹ da òróró agolo kan tí kò kún sí i, iyọ̀, àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bí agolo kan àbọ̀. Ẹ fi ṣíbí igi rò ó sí apá kan náà títí yóò fi fúyẹ́, torí atẹ́gùn tí ẹ rò sínú rẹ̀ ló ń mú un rọ̀, kì í ṣe ẹyin. Ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran, kí ẹ tò ó sórí igi ewé nísàlẹ̀ ìkòkò, kí omi má bò ó. Wákàtí kan lórí iná tó dúró, ó ti jinná.

Adùn edé ni ẹ ó rò pé yóò sọnù. Irú àti àlùbọ́sà tó pọ̀ ló dípò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sè é bẹ́ẹ̀, bàbá wọn jẹ mẹ́ta kó tó bèèrè pé edé ńkọ́. Ẹyin? Mo sè é sọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré, mo bó o lẹ́yìn tí ọmọ náà ti bu tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ ẹ sì gé e lé tirẹ̀ lórí. Ẹ má fi móínmóín ẹlẹ́yin àti aláìlẹ́yin sínú ìkòkò kan náà. Ewé máa ń jò.

Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè títí ó fi yọ́, tí a fi ìjábẹ̀ já, ata díẹ̀, epo pupa, iyọ̀, irú. Ewédú, irú, kánún ṣínńṣín. Ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ lé e lórí. Oníkálukú tó bá fẹ́ edé lọ̀ ọ́, ó sì wọ́n ọn sí tirẹ̀ ní ìkángun tábìlì. Ọmọ mi ń jẹ ohun tí gbogbo Ìbàdàn ń jẹ, ó jókòó sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà sì kún fún ewédú bíi tiwọn.

Àárọ̀, ògì àti àkàrà tí a dín nílé. Ẹ ra ògì lásán. Èyí tí wọ́n pè ní Tom Brown sábà máa ń ní ẹ̀pà àti sóyà. Fún ọmọ tí kò lè mu mílíìkì, òfíò, tí àwọn Hausa ń pè ní aya, dára gan-an: ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú dàbínò, ẹ sẹ́ ẹ. Abẹ́ ilẹ̀ ni òfíò ti ń ta, kì í ṣe ara ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú ìyá tàbí mílíìkì tí dókítà bá yàn fún un ni, ẹ má fi òfíò dípò rẹ̀. Fún kéèkì ọjọ́ ìbí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, tí ẹ tẹ̀ múlọ́múlọ́, ìdajì ọ̀kan tó tóbi dípò ẹyin kan. Ó máa ń wúwo díẹ̀. Àwọn ọmọ kì í kíyè sí i.

Ẹni tí ti ọmọ tirẹ̀ jẹ́ àlìkámà, Ìbàdàn gbè yín. Àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, láfún, ìrẹsì, ẹ̀kọ, kò sí àlìkámà nínú wọn. Búrẹ́dì, sẹ̀mó, máàkàróòní, nódù àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni kí ẹ gbé jìnnà. Kí ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ: ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ni wọ́n ti ń lọ àlìkámà.

6. Àbúrò rẹ̀

Kí ẹ̀rù má bà yín débi tí ẹ ó fi fi ẹ̀pà pamọ́ fún ọmọ ọwọ́ tó tẹ̀lé e láìbèèrè. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ 640, fi hàn pé àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀, ara wọn kò sábà kọ̀ ọ́ tó ti àwọn tí wọ́n fi pamọ́ fún. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fi ẹ̀pà oníhóró sẹ́nu ọmọ ọwọ́ láé, torí ó lè há a lọ́fun.

7. Ìta, òde àti ilé Màmá

Kọ orúkọ ohun tí ara ọmọ kọ̀ sórí ìwé fún olùkọ́ rẹ̀, má fi ẹnu sọ ọ́ nìkan. Bí òde bá wà, mo ń fún un lóúnjẹ kí a tó kúrò nílé, mo sì ń gbé ike tirẹ̀ dání.

Ohun tó le jù ni ọmọlúàbí. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé bí àgbà bá nawọ́ nǹkan sí wọn, wọn kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Mo kọ́ tèmi báyìí: kúnlẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, sọ pé "Ẹ ṣé, mà," kí o sì gbé e wá fún mi láìṣí i. Bí kò bá sí mi nítòsí, kó ní, "Ẹ ṣé, mà, èèwọ̀ mi ni."

Ìyá mi gan-an ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yìí. Kò gba ti àlẹ́jì gbọ́. Ó ní gbogbo wa la jẹ ẹ̀pà dàgbà, bí ọmọ bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ara rẹ̀ á mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi. Lọ́jọ́ kan ni mo wí pé, "Màmá, ẹ ṣe bí èèwọ̀ rẹ̀ ni." Ó dákẹ́. Ó ní, "O ò tètè sọ." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bu díẹ̀ fún un pé kó kàn tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí àǹtí tí kò gbà, ẹ gba ọ̀nà yìí wò.

Nígbà Iléyá tó kọjá, a wà ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ. Aládùúgbò kan gbé àwo ẹran wá. Màmá gbà á, ó dúpẹ́, ó bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi sun ún? Ẹ̀pà jẹ́ èèwọ̀ ọmọ mi yìí." Obìnrin náà ní yájì ni. Màmá gbé àwo náà sórí pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, ó lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó tó wá nà án sí ọmọ náà pé kó máa bọ̀ lórí itan òun.